Ṣé ìrònú lè ba ojú jẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí másùnmáwo àti ìlera ojú

Nílé wa, bí àgbàlagbà bá ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, èsì méjì ló máa ń gbà. Ẹnì kan á ní, "Ẹ dín ìrònú kù." Ẹlòmíì á ní, "Ọjọ́ orí ni, ẹ lọ ra ìgò ojú." Wọn ò purọ́ pátápátá. Másùnmáwo ń dé ojú lóòótọ́, ọ̀nà tó sì ń gbà débẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n "ìrònú ni" yìí kan náà ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé títí ẹ̀pa ò fi bóró mọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí.

Kí ni ìrònú ń wá nínú ojú? Ṣebí ọkàn ló ń dààmú.

Ojú kò jìnnà sí ọpọlọ tó bí a ṣe rò. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, láti ara ọpọlọ ni awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba àwòrán ti ń hù jáde. Awọ yìí ni wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú orí, ara ọpọlọ ni òun náà.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àyà ń já, ẹnu gbẹ, oòrùn dà bí ìgbà tí wọ́n tan iná mọ́ yín lójú. Adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, ló ṣe é. Ó máa ń fẹ ọmọlójú, ihò dúdú àárín ẹyinjú, ìmọ́lẹ̀ á wá wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé tó wà lọ́wọ́ á sì ṣòro kà. Kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ìyẹn kì í pa ojú tó dá ṣáṣá lára.

Èyí tó ń ṣeni léṣe ni ìrònú tó kọ̀ tí kò lọ: owó ilé tí kò pé, ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọ̀gá tó ń fi ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ni lójoojúmọ́. Èròjà ara kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kí ara sinmi nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Oorun á dá, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ yìí, ẹ má gbàgbé, ara ohun tó máa ń ba àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ́tínà jẹ́ ni wọ́n.

Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí ìpéǹpéjú mi ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà ní àmì ni. Àmì kí ni?

Àmì pé ẹ ò sùn dáadáa. Iṣan kékeré inú ìpéǹpéjú ló ń súnkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ojú kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣe, ti ìsàlẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù. Ìrònú, àìsùn àti kaféènì ló máa ń fà á. Kaféènì ò sì mọ sínú kọfí: ó wà nínú obì àbàtà, ó wà nínú gbànja, ó wà nínú ohun mímu inú agolo tí àwọn awakọ̀ òru ń mu kí oorun má baà kùn wọ́n. Ẹni tó ń jẹ obì sí àìsùn nítorí ọ̀rọ̀ tó ń dùn ún ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀.

Á lọ fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń pa ojú náà dé pátápátá, bó bá ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹnu, tàbí tó lé lóṣù kan, ẹ lọ fi han dókítà. Ìyá àgbà kò ní bínú.

Oṣù mẹ́ta nìyí tí ọkọ mi kú. Àwọn ẹbí ní bí mo bá ń sunkún báyìí, ojú mi á fọ́.

Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ sunkún yín. Omijé kì í fọ́ ojú. Ìpéǹpéjú á wú, ojú á pọ́n, á máa ta, ó lè di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó rọlẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà náà sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá fún ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí. Nínú Súrà Yusuf, ẹsẹ 84, ojú Ànábì Yàkúbù funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Ní ẹsẹ 96, wọ́n ju ẹ̀wù ọmọ náà sí i lójú, ó sì tún ń ríran. Èmi kì í ṣe ààfáà, n kò ní jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ohun kan ṣáá ni mo rí nínú ẹsẹ 84 yẹn: ìbànújẹ́ ló dárúkọ, kò dárúkọ ẹkún. Ó tiẹ̀ sọ pé ńṣe ni ó ń gbé e mì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lórí opó kì í ṣe omijé rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ta ló ń bá a rántí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ta ló mọ̀ pé ìgò òògùn tó ń kán sójú ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ kẹta? Ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti ń rí ojú mú. Kí àwọn ẹbí tó ń ṣọ́ ẹkún kọjú síbẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 36, òṣìṣẹ́ báńkì, ní ohun kan bí àbàwọ́n bo àárín ohun tí ojú ọ̀tún òun ń wò. Òpó iná tó dúró ṣánṣán, ó ní ó tẹ̀ lójú òun.

Kó lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí ibi tí másùnmáwo àti ojú ti pàdé lójúkojú tó èyí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ló jò sábẹ́ rẹ́tínà, níbi gan-an tí a fi ń kàwé tí a fi ń dá èèyàn mọ̀. Orúkọ rẹ̀ gùn, central serous chorioretinopathy. Ẹ má há a sórí, CSC náà ni àwọn dókítà ń pè é. Albrecht von Graefe, oníṣègùn ojú ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1866. Ọkùnrin ló ń mú ju obìnrin lọ, àwọn tó wà láàárín ogún ọdún sí àádọ́ta, ìyẹn ìgbà tí agbára wà tí gbèsè náà sì wà. Ní àwọn ọdún 1980, Lawrence Yannuzzi, oníṣègùn ojú ní New York, kíyè sí i pé àwọn tó ní in sábà máa ń jẹ́ irú ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, tó máa ń bá aago sáré, tí kì í gbà kí ẹlòmíì borí òun.

Kọ́tísọ́ọ̀lù wà lára ohun tí wọ́n fura sí jù. Ìdí tí ìfura náà fi lágbára ni pé ẹni tó ń lo òògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, tó jọ kọ́tísọ́ọ̀lù, lè ní àìsàn yìí láìronú rárá. Èyí ló fi yẹ kí ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè tó lè máà dùn mọ́ ọn: kí ló fi ń para? Ọ̀pọ̀ ìpara tó ń bó àwọ̀ ara nínú ọjà wa ló ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tó le nínú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí oríkèé ń kà, òògùn ikọ́ fée (asthma) tí wọ́n ń fà sínú ń kà. Dókítà lè béèrè, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í kì í sábà jẹ́wọ́ ìpara.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó wo irin ojú fèrèsé tàbí ìlà táìsì ilẹ̀. Ohun tó tọ́ tó bá wọ́, tàbí tí àwọ̀ bá ṣá lójú kan ju èkejì lọ, nǹkan wà níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi náà á gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí dókítà ṣáà máa fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ti ẹlòmíì máa ń pẹ́, ó máa ń gba ìtọ́jú. Ó sì lè padà wá bí igbá ìrònú náà bá tún kún.

Ṣé ìrònú ló fún bàbá mi ní glọkómà?

Rárá, ẹ má di ẹ̀bi yẹn ru ara yín. Nínú glọkómà, iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé omi inú ẹyinjú ń tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe lè gbà lọ. Ọjọ́ orí, ìdílé, àti ìran tí èèyàn ti wá ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwa ọmọ Áfíríkà ló sì ń bá jà jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé bí èèyàn 5 nínú 100 tó ti lé ní ogójì ọdún ló ní in. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò mọ̀. Kì í dunni. Etí ibi tí ojú ń wò ló ti ń jẹ wọlé, nígbà tí yóò fi dé àárín, ilé ti jó dé òrùlé.

Ibi tí másùnmáwo ti wọ̀ ọ́ ni pé ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti rí i nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìṣírò orí tó le kí wọ́n sáré ṣe. Ní Delhi, ní Íńdíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 mú àwọn tó ní glọkómà jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa mí, kí wọ́n máa fọkàn sinmi, ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́ fún ọjọ́ 21. Wọ́n ń kán òògùn wọn lọ. Ìfúnpá ojú wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń kán òògùn nìkan. Inú mi dùn sí ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: wọ́n ń kán òògùn wọn lọ.

Ohun kan tún wà tó ń da èèyàn rú. Ìfúnpá ojú kì í ṣe ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fi rọ́bà di yín lápá kò tíì wọn ojú yín. Mo mọ ìyá kan tó fọ́n ọ́n káàkiri àdúgbò pé "bípí" òun dára, nítorí náà glọkómà ò lè rí òun gbéṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ti ojú yàtọ̀, ojú gan-an ni wọ́n ń gbé e kàn tàbí kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Orí ń fọ́ mi lápá kan, ojú ọ̀hún pọ́n, mo ń bì. Ṣé kí n lo òògùn ibà?

Ẹ má lò ó. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, lálẹ́ yìí bó bá jẹ́ alẹ́ ni. Irú glọkómà kan wà tí kì í yọ́ wọlé. Ó máa ń já wọ̀lú ni. Ẹni tí ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde ti há tẹ́lẹ̀, bí ọmọlójú rẹ̀ bá fẹ̀ nínú òkùnkùn tàbí nígbà ìpayà ńlá, ọ̀nà náà lè dí pátápátá. Ojú á máa ro gógó, ìran á ṣe bàìbàì, òrùka aláwọ̀ oríṣiríṣi á yí iná ká, inú á máa ru. Nítorí èébì yẹn ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ bí ibà tàbí ọgbẹ́ inú nígbà tí ojú ń lọ. Wákàtí ni a ń kà níbẹ̀.

Bí mo bá ti ń ronú, fóònù ni mo fi ń pa á rẹ́ lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ojú ń ta bí ẹni pé yanrìn wọ̀ ọ́.

Ojú tó ń wo fóònù kì í ṣẹ́ tó. Ní ìgbà tó dára, à ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú fóònù, ó lè wálẹ̀ dé ìdajì tàbí kó má tó o. Ojú tí à ń ṣẹ́ yẹn ló ń fi omi nu ẹyinjú. Ẹ wá fi ọyẹ́, fáànù tó dojú kọ ibùsùn àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un. Òfin tó rọrùn wà: lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Lálẹ́, kí fóònù sùn sí yàrá mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí kẹ́míìsì kí ẹ ní kó fún yín ní "òògùn ojú pípọ́n". Ọ̀pọ̀ èyí tó ń tètè mú kí pípọ́n ojú lọ ló ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ń kán an fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó ń wọn ìfúnpá ojú, ó lè dá glọkómà sílẹ̀, ó sì lè dá ojú funfun tí à ń pè ní kataráàtì sílẹ̀. Ìtọ̀, omi ọmú àti omi ṣúgà náà ò gbọdọ̀ wọ ojú.

Mo máa ń rí iná wọ́gọwọ̀gọ tó ń dán, á máa tóbi sí i, lẹ́yìn náà á lọ. Orí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ó jọ túúlu, ẹ̀fọ́rí ẹ̀gbẹ́ kan. Iná náà kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ojú méjèèjì ló sì máa ń rí i nítorí pé inú ọpọlọ ló ti ń wá. Másùnmáwo wà lára ohun tó ń fa á jù. Ẹlòmíì, nígbà tí ìrònú bá tán gan-an ló máa ń dé: ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń rí mànàmáná, tí ohun dúdú wẹ́wẹ́ ń léfòó, tàbí tó dà bí ẹni pé wọ́n fa aṣọ bo apá kan, rẹ́tínà lè ti máa ṣí kúrò láyè rẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ọmọbìnrin mi, ọdún 11, ní òun ò rí pátákó mọ́ nílé ìwé. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan. Ṣé ó ń purọ́ ni?

Ẹ má nà án. Ó lè má ríran lóòótọ́ kí ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Nígbà tí ọkàn bá gbé ẹrù tó jù ú lọ, ọpọlọ lè kọ̀ láti gba ohun tí ojú ń kó wá.

Àpẹẹrẹ tí mi ò lè gbàgbé wà ní Long Beach, ní California. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin ará Cambodia tó sá wá síbẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní àwọn ò ríran dáadáa mọ́, àwọn mìíràn ní àwọn ò ríran rárá. Wọ́n tó bí 150. Ẹyinjú wọn kò ní àbùkù tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn tó la ìjọba apànìyàn Khmer Rouge já ní Cambodia, láàárín 1975 sí 1979, ni wọ́n. Wọ́n ti rí i tí wọ́n pa ọkọ àti ọmọ lójú wọn. Àwọn kan sunkún fún ọdún mélòó kan, wọ́n ní ìgbà tí ẹkún náà dá ni àwọn ò ríran mọ́.

Ti ọmọ yín kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bi í nípa ilé ìwé, nípa ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, nípa ìjà tó ń gbọ́ láti yàrá yín lóru. Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ le, pé á padà. Ti ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń padà láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ ṣì mú un padà fún àyẹ̀wò kejì, nítorí "kò sí nǹkan" máa ń ṣì nígbà mìíràn.

Wọ́n ní hẹ́pìsì ojú máa ń padà wá nígbà tí ìrònú bá pọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé gbogbo èèyàn mọ ìdáhùn rẹ̀, ìdáhùn náà kò sì dúró. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í kúrò lára. Ó ń sùn, ó ń jí, ó sì lè dá egbò sí ojú ẹyinjú. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn 308 tó ti ní i rí máa kọ bí ọkàn wọn ṣe rí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àrùn tó dé. Nígbà tí èsì jáde ní 2000, ìrònú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ìwé wọn lẹ́yìn tí ojú ti pọ́n ló sọ pé ìrònú pọ̀. Bí àrùn bá ti dé tán, ta ni nínú wa tí kò ní rí ìrònú kan dárúkọ fún ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Kataráàtì ńkọ́?

Ọjọ́ orí, oòrùn, àtọ̀gbẹ, sítẹ́rọ́ọ̀dù, sìgá, ìpalára. Ìrònú ò sí nínú wọn. Iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́.

Òògùn tí dókítà fún mi nítorí àìsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń jẹ́ kí ojú mi gbẹ, kí ìwé sì ṣú. Ṣé kí n jáwọ́?

Ẹ má dá a jáwọ́. Amitriptyline àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: wọ́n ń gbẹ omi ojú bí wọ́n ṣe ń gbẹ ti ẹnu, wọ́n sì ń fẹ ọmọlójú. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún yín rí pé ọ̀nà omi inú ojú yín há, ẹ sọ fún un kí ẹ tó lo tuntun kankan.

Wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú rẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà náà kò sùn mọ́.

Olùwádìí kan, Bernhard Sabel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2018, láti Magdeburg ní Jámánì, pé másùnmáwo jẹ́ ohun tí àìríran ń fà, ó sì tún lè wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tí ẹ̀rù bà á lálẹ́ nítorí ojú, ẹ̀rù náà tún ń padà sórí ojú. Wọ́n ní ọ̀nà tí dókítà gbà ń sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo gbà á. Ní ilé ìwòsàn kan, mo jókòó ti ìbátan mi nígbà tí wọ́n sọ fún un pé "ojú yìí máa fọ́", tí wọ́n sì pe ẹni tó kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jẹun. Dókítà mìíràn ló wá fi àwòrán hàn án pé ibi tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù pọ̀, òògùn yìí ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Ojú kan náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kán òògùn rẹ̀ láìfi alẹ́ kan jẹ.

Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín lọ nígbà tó bá tún fẹ́ lọ. Ẹ bi wọ́n pé: mélòó ló kù? Kí la lè ṣe kó má dín?

Mo wà ní London, bàbá mi tó ní glọkómà wà ní Òṣogbo. Kí ni kí èmi ṣe?

Bí ẹ bá ti pé ogójì ọdún, tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ yín sì ní glọkómà, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ń ṣe àyẹ̀wò ojú fún yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú, kí wọ́n wo orí iṣan ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì yẹ bí ẹ ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ bí oorun yín ṣe rí àti ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Gbogbo òògùn tí ẹ ń lò, ẹ dà á sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání. Ìpara náà ń bá wọn lọ.